Kí ló dé tí ọwọ́ fi máa ń fà sẹ́yìn kí ìrora tó dé?

Àdùnní béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwé tí à ń lò ní kíláàsì sọ pé ọpọlọ ni ọ̀gá, àti pé kò sí ohun tí ara ń ṣe tí àṣẹ rẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ ọpọlọ wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ mi ṣèèṣì kan ìkòkò gbígbóná lánàá, mo ti fa ọwọ́ náà sẹ́yìn kí n tó mọ̀ pé ó jó mi. Ìrora méjì ni mo sì mọ̀ lára lẹ́yìn náà: ọ̀kan ta mí bí abẹ́rẹ́, ó sì lọ, èkejì rọra dé, ó ń ro mí, kò sì tètè kúrò. Ta ló pàṣẹ fún ọwọ́ mi nígbà tí èmi tí mo ni ín kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Kí ló sì dé tí ìrora fi pín sí méjì?

Bàbá Olùkọ́ dáhùn pé:

Àdùnní, ìwé rẹ ló gé ọ̀rọ̀ kúrú jù. Okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn, ìyẹn okùn rírọ̀ tí ó gba inú ihò eegun ẹ̀yìn kọjá, ní iṣẹ́ tí ó lè dá ṣe láìdúró de ọpọlọ. Kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 lọ nínú àgbàlagbà, síbẹ̀ iṣan méjìméjì lọ́nà 31 ló yọ lára rẹ̀, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì.

Ọ̀rọ̀ náà "iṣan" máa ń da ènìyàn láàmú, nítorí pé a ń pe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ní iṣan, a ń pe okùn tí ó so ẹran mọ́ egungun ní iṣan, a sì tún ń pe ohun tí ìròyìn ń gbà nínú ara ní iṣan. Èyí tí ń gbé ìròyìn ni mo ń sọ níhìn-ín.

Nígbà tí ooru kan awọ ìka rẹ, ẹnu iṣan tí ó wà nínú awọ náà ta gìrì, ìròyìn sì gòkè apá lọ wọ inú okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn ní agbègbè ọrùn. Níbẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì kékeré kan tí ó jẹ́ alárinà ti gbà á, tí ó sì fà á lé sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí iṣan tirẹ̀ padà lọ sí apá lọ́wọ́. Ẹran iwájú apá súnkì, ti ẹ̀yìn apá sì gba àṣẹ pé kí ó dẹ̀, nítorí pé bí àwọn méjèèjì bá jọ ń fà, igunpá kò ní í ká. Ìròyìn kan náà ń lọ sí ọpọlọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ jìn jù, ibùdó tí ó ní láti yà sí sì pọ̀.

Ṣadé dáhùn pé:

Ìrora méjì yẹn, oríṣi iṣan méjì ló gbé wọn. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé mọ́ ọ̀kan lára, èyí ló ń jẹ́ kí ìròyìn máa fò láti ojú kan sí òmíràn, tí ó fi ń rin mítà 5 sí 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní ọ̀rá lára, kì í sì í sáré ju nǹkan bíi mítà 2 lọ. Láti ìka dé ọpọlọ tó nǹkan bíi mítà kan, nítorí náà ẹni àkọ́kọ́ á ti jíṣẹ́ tán nígbà tí èkejì ṣì wà lọ́nà.

Kọ́lá dáhùn pé:

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọpọlọ kò lè dá sí i o. Bí ìkòkò náà bá wà lọ́wọ́ rẹ, tí ọmọdé sì jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ, ọpọlọ lè ránṣẹ́ sísàlẹ̀ pé kí okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn dáwọ́ dúró, wàá sì fara da ooru náà títí wàá fi gbé e kalẹ̀.

Alárinà tí Bàbá mẹ́nu kàn náà yẹ fún àlàyé díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìròyìn kì í sábà fara kan èkejì. Àlàfo tín-ń-tín ló wà láàárín wọn, kẹ́míkà ló sì ń gbé ìròyìn sọdá. Ní ọdún 1921, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí ń jẹ́ Otto Loewi mú ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ méjì, ó ru iṣan ti àkọ́kọ́ sókè títí ó fi ń lù díẹ̀díẹ̀, ó wá bu omi tí ó yí i ká sára èkejì. Èkejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í lù díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ru iṣan kankan sókè lára rẹ̀.

Àdùnní:

Ẹ ṣeun gan-an, ó ti yé mi. Bí iṣan tí ń gbé ìròyìn bá wá gé ńkọ́, ṣé ó lè tún hù?

Bàbá Olùkọ́ dáhùn pé:

Ti apá àti ẹsẹ̀ lè hù bí oníṣègùn bá tètè rán ojú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bíi mìlímítà kan ni lóòjọ́, nítorí náà èyí tí ó gé ní igunpá lè gbà ju ọdún kan lọ kí ìmọ̀lára tó padà dé orí ìka. Ti inú okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn kì í hù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń de ọrùn ẹni tí ó bá fara pa nínú ìjàǹbá kí wọ́n tó gbé e nílẹ̀.