Ẹ̀yin ará ilé, ṣé kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́ ní Niamey?

Ọmọ Olósùnta: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, inú mi ló kún. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí ṣùgbọ́n Niamey ní Niger ni mo wà báyìí, ìjọ wa ló rán wa wá ṣe míṣọ́nnárì, èmi àti ẹnì kejì mi, yàrá kan la jọ ń gbé. Ooru ìlú yìí kì í ṣe ooru èèyàn. April tá a wà yìí, tó bá di ọ̀sán, omi la máa ń dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ká tó lè sùn lé e, ká tó yí ẹ̀gbẹ́ kejì ó ti gbẹ. Iná á lọ, fáànù á dúró. Ẹni tá a jọ ń gbé yìí ẹ̀wẹ̀, kì í fọ ìkòkò! Mo sọ títí ó sú mi. Tó bá ro tùwó jéró tán á fi ìkòkò sílẹ̀ títí á fi le bí àpáta Olósùnta, èmi ni màá wá máa fi iyanrìn ha á, àná ni èékánná mi ya níbẹ̀. Ó tún ń hanrun. Jéró láàárọ̀ jéró lálẹ́, èmi ọmọ Èkìtì, mi ò tíì fojú kan iyán látìgbà tí mo ti dé. Omi ńkọ́? Ọwọ́ àwọn tó ń fi ọmọlanke tì í kiri la ti ń rà á. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹni yẹn ní "dala ashirin", mo ṣáà mọ̀ pé ogún ni ashirin lédè Hausa, mo na ogún sẹ́fà sí i, ó wò mí bí olè. Àṣé sẹ́fà márùn-ún ni wọ́n ń pè ní dala kan, ọgọ́rùn-ún ló ń bèèrè. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín dọ́ba. Ní báyìí owó tí ìjọ ń fi ránṣẹ́ ò wá mọ́, oṣù kejì rèé, gbèsè oníbúrẹ́dì ti wọ̀ wá lọ́rùn. Màmá mi ní kí n máa bọ̀. Ṣé kí n máa bọ̀ lóòótọ́? Ẹ tètè sọ̀rọ̀ o, dátà mi ò pọ̀.

Sisí Ìjerò: Máa bọ̀ jàre! Ṣé kì í ṣe Niamey yẹn náà àti Zinder ni wọ́n ti sun ṣọ́ọ̀ṣì ní January 2015? Ọmọ ta ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ tí wọn ò tún fún lówó oúnjẹ.

Ọmọ Olósùnta: Sisí, ìyẹn ti pẹ́. Àwọn ará àdúgbò ò fi nǹkan kan ṣe wá. Alájì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ń bu omi fún wa tí ọlọ́mọlanke ò bá wá.

Bàbá Ẹ̀fọ̀n: Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí. Ìlú wa níbí ni wọ́n sin Àpọ́sítélì Babalọlá sí. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ẹ̀rọ tó ń tẹ títì ló ń wà nígbà tí ìpè dé ní 1928, ó sì fi í sílẹ̀. Ta ló fọ ìkòkò fún un?

Tíṣà Ìkọ̀lé: Bàbá, ẹ rọra o, Babalọlá ò gbé Niger jẹ jéró. Èmi tí mo sin ìjọba ní Ṣókótó, mo mọ ooru tí ọmọ yìí ń sọ, ibà dá mi dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan ṣoṣo, ìyàwó ọ̀gá wa ló ń se àgbo fún mi, Ọlọ́run á bù kún un níbikíbi tó bá wà. Ọmọ Olósùnta, o ò tíì sọ ìdí tí owó fi dúró. Ṣé o pe ọ́fíìsì? Oṣù mélòó ló kù fún yín?

Bàbá Ẹ̀fọ̀n: Dallimore tó dá Christ's School sílẹ̀ l'Ádó ní 1933, ṣé ilé ìyá ẹ̀ ló wà ni?

Tíṣà Ìkọ̀lé: Òyìnbó nìyẹn Bàbá, àwọn tó rán an ń fún un lówó!

Ìyá Ìbejì Adó: Ẹ fi Dallimore sílẹ̀. Ọmọ mi, ìkòkò yẹn, omi gbígbóná àti eérú ni kó o bù sí i kó sùn mọ́jú, o ò ní fi èékánná ha á mọ́. Ṣùgbọ́n o ò tíì dá Tíṣà lóhùn o.

Ọmọ Olósùnta: Ẹ ṣé mà. Eérú ò wọ́n níbí. Oṣù mẹ́rin ló kù. Hanrun tí mo sọ, ẹ má rò pé mo ń ṣàwáwí, àní Alájì ń gbọ́ ọ láti ọ̀hún.

Tíṣà Ìkọ̀lé: Owó ńkọ́?

Ọmọ Olósùnta: Wọ́n ní ìròyìn oṣooṣù làwọn ń retí kí wọ́n tó fi owó sílẹ̀. Mi ò kọ ọ́ láti January. Ìbéèrè àkọ́kọ́ inú fọ́ọ̀mù yẹn ni pé èèyàn mélòó ló gba Jésù. Mo kọ òdo ní November, mo kọ òdo ní December. Wọ́n máa ń kà á sétí gbogbo wa lórí WhatsApp, ẹni tó wà níbòmíì á ní méjìlá, ẹlòmíì ogún, wọ́n á pàtẹ́wọ́, tó bá kàn wá gbogbo ibẹ̀ á dákẹ́. Mi ò sì lè purọ́. Ẹnì kejì mi ò mọ̀, èmi ni akọ̀wé, ó rò pé mò ń fi í ránṣẹ́.

Sisí Ìjerò: Ẹ̀hẹ́n! Ìwọ lò ń febi pa ọmọ ọlọ́mọ, o wá ń ròyìn ìkòkò fún wa!

Bàbá Ẹ̀fọ̀n: Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Èmi náà jẹ́ ajíhìnrere lóko fọ́dún méjì tí ẹnikẹ́ni ò bá mi ṣe àmín. Mi ò sọ fún ìyàwó mi pàápàá.

Ìyá Ìbejì Adó: Kí lẹ máa ń ṣe látàárọ̀ gan-an?

Ọmọ Olósùnta: Ìrun àkọ́kọ́ ló ń jí wa, àwa náà á gbàdúrà, a ó ka Bíbélì, a ó lọ kọ́ Faransé. Mò ń kọ́ Zarma, èdè ibí, lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, tí mo bá kí wọn pé "mate ni go" wọ́n á ní mò ń fi imú sọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ wọ́n á jókòó síta, fada ni wọ́n ń pè é, wọ́n á gbé tíì ka iná ẹ̀ẹ̀mẹta, ife kékeré, ti àkọ́kọ́ korò bí ewúro, ti ìkẹta ṣúgà ni gbogbo ẹ̀. Mo máa ń bá wọn jókòó. Ìyá ọ̀kan nínú wọn kú ní February, òru ló wá kanlẹ̀kùn, kò lọ sọ́dọ̀ àwọn yòókù, ọ̀dọ̀ wa ló wá. A bá a jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́. Mi ò wàásù, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Fọ́ọ̀mù yẹn ò láyè fún ìyẹn.

Tíṣà Ìkọ̀lé: Kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé.

Sisí Ìjerò: Èmi ṣì ní kó máa bọ̀ o.

Ìyá Ìbejì Adó: Kọ òdo sí iwájú, kọ ìyẹn sẹ́yìn, fi ránṣẹ́ lónìí. Kó o tó fi ránṣẹ́, sọ fún ẹnì kejì ẹ.

Ọmọ Olósùnta: Ó ti jí. Ó ń wo ìkòkò, ó ní ta ló bu eérú sí i. Ẹ jẹ́ kí n gbé fóònù sílẹ̀ ná.