"Àkóràn" kọ́ ni ọgbẹ́ tó kẹ̀

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń wá orúkọ Yorùbá fún "surgical site infection", ìyẹn kí kòkòrò wọ ojú ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, mo kí yín. Ẹni tó dábàá "àkóràn ojú iṣẹ́ abẹ" fún ojú abẹ tó bàjẹ́ lára obìnrin tí wọ́n la ikùn rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ ilé-ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe nílé wa ní Mọ́kọ́lá.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n yọ ilé-ọmọ ìyá kan nínú ẹbí wa ni báńdéèjì rẹ̀ tutù. A ṣí i wò: ojú ibi tí wọ́n rán ti pọ́n, ó gbóná, omi pupa rúsúrúsú ń yọ lábẹ́ ìdodo. Ẹni tó bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà ní "ó ti kó àkóràn." Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ya ife àti abọ́ màmá sọ́tọ̀, wọ́n sì ti lé àwọn ọmọ kúrò ní yàrá. Kò sẹ́ni tó dá wọn lẹ́bi. Kó àti ràn ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá ti gbọ́ ọ, ẹni tí yóò ràn la máa ń wá. Bẹ́ẹ̀, kòkòrò tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, lára aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ti ń wá jù: láti awọ, láti ojú ara, tàbí láti ìfun.

Màmá fúnra rẹ̀ ní, "Ọgbẹ́ mi ló kẹ̀." Ó tán! Ohun tí ọ̀bẹ dá sí ara ni ọgbẹ́; èyí tó ti pẹ́ tó ń ṣọyún ni egbò. Bí ọgbẹ́ bá kẹ̀, ó ń lọ sọ́nà egbò nìyẹn. "Kíkẹ̀ ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ" ni tèmi. Mi ò fara mọ́ "ìkẹ̀" lásán, nítorí lórí fóònù tí kò lámì ohùn, ìkẹ́ ni wọn yóò kà á sí.

Ibi tó ti le ni ti inú. Awọ lè ti jinná, àpá ti bò ó, kí ibà àti inú rírun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nítorí ibi tí ilé-ọmọ wà tẹ́lẹ̀ ló bàjẹ́. Títí di 30 ọjọ́, àwọn dókítà ṣì ń kà á mọ́ iṣẹ́ abẹ náà. Ẹnìkan dábàá "ọyún inú" níbí lánàá. Ẹ gbà mí o! Ẹ yọ àmì ìsàlẹ̀ yẹn kúrò, kí ẹ fún obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ilé-ọmọ rẹ̀ kà. "Ó kẹ̀ sínú" tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo ìlà kẹrin ìwé ìléwọ́ tí a jọ ń tún ṣe: "Má fi abẹ fá irun abẹ́ kí o tó wá ṣe iṣẹ́ abẹ." Ìmọ̀ràn náà dára. Fífá máa ń ha awọ, kòkòrò á sì ráyè wọlé. Ní 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n má fá a, bó bá di dandan kí wọ́n fi kílípà gé e. Ṣùgbọ́n abẹ mélòó nìyẹn? Bíléèdì ni kí a kọ sí àkọ́kọ́.