Ta ló ń dá ERK dúró nínú sẹ́ẹ̀lì PC12?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mò ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi ní Abẹ́òkúta níbí lórí PC12, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n mú lára eku. A ò ní in ní láàbù wa, inú ìwé ni mo ti ń bá a jà.

Bí wọ́n bá fún un ní EGF (èròjà kan tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà), ERK, ìyẹn purotéènì kan tó ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, á ta gìrì, kò ní pẹ́ rọlẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì máa pín lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ NGF (èròjà ìdàgbàsókè mìíràn, ti sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára), ERK yìí kan náà á ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí; sẹ́ẹ̀lì á jáwọ́ nínú pípín, á yọ ọwọ́ gbọọrọ.

Ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní kinase ń lẹ fọ́sífeètì mọ́ ERK láti jí i, èyí tí wọ́n ń pè ní phosphatase ń ṣí i kúrò kí ERK lè rọlẹ̀, ìyẹn yé mi. Ṣé phosphatase ló ń tètè dé nígbà EGF ni, àbí EGFR (purotéènì ara sẹ́ẹ̀lì tó ń gba EGF) fúnra rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ń gbé mì? Ẹ jọ̀ọ́, nínú phosphatase méjì yìí, DUSP6 àti PP2A, èwo ni kí n kọ́kọ́ dojú kọ?