Báwo ni Diamantina ṣe ń rí owó ná?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, ìjọba ìbílẹ̀ Diamantina ní Queensland, Ọsirélíà, fẹ̀ tó nǹkan bí 95,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, síbẹ̀ àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 300 nínú ìkànìyàn 2021. Ta ló wá ń san owó orí?

Èsì: Owó orí àwọn olóko màlúù kò lè gbé e, ẹ̀gbọ́n. Ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́, pàápàá fún títún ọ̀nà eléruku ṣe, nítorí pé bí odò bá kún bo ilẹ̀, ọkọ̀ kì í lè wọ Bedourie, olú-ìlú wọn, títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ.

Èsì: Eré ìje ẹṣin ti Birdsville, ìlú mìíràn níbẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1882, ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò wá.

Ìbéèrè: Aláìsàn ńkọ́?

Èsì: Bàálù Royal Flying Doctor Service, àjọ àwọn dókítà tó ń fi bàálù ṣiṣẹ́, ló ń gbé wọn.