Ohun tí ojú wa ti rí létí odò Buffalo Bayou ní Houston

Àdùkẹ́ Alief

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Abẹ́òkúta bi mí pé níbo ni èèyàn ti lè fi ẹsẹ̀ rìn ní Houston yìí láìwọ mọ́tò, mo sì dárúkọ etí odò Buffalo Bayou fún un. Àlàyé rẹ̀ gùn ju ohun tí mo lè sọ lórí fóònù lọ, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí, kí ẹni tó bá ti débẹ̀ lè fi tirẹ̀ kún un.

Létí odò yìí ni wọ́n ti tẹ Houston dó ní 1836, nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ Allen ra ilẹ̀ níbi tí White Oak Bayou ti ń wọnú Buffalo Bayou, ibẹ̀ ni a sì ń pè ní Allen's Landing títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, èèyàn lè ṣiṣẹ́ ní àárín ìlú fún ọdún púpọ̀ kó má mọ̀ pé odò ń ṣàn níbẹ̀, àfi tó bá yọjú wo ìsàlẹ̀ láti orí afárá. Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe nígbà náà, ọ̀nà mi sì máa ń gba apá òpópónà Sabine kọjá, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ I-45 ti bo odò náà mọ́lẹ̀. Igbó, ẹrẹ̀, táyà àlòkù àti kẹ̀kẹ́ ìrajà tí wọ́n jù nù ló kún ibẹ̀. Àwọn tí kò nílé lórí nìkan ló ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀, torí pé kò síbi tí wọ́n tún lè lọ.

Ní 2006 ni ẹgbẹ́ Buffalo Bayou Partnership, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986 nítorí odò yìí gan-an, ṣí ibi tí wọ́n ń pè ní Sabine Promenade. Wọ́n gé bèbè odò náà kó lè dagun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n to òkúta sí i, wọ́n la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba abẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ náà, wọ́n sì gbé ọkọ̀ ojú omi onírin dídán kan nàró síbi àbáwọlé, iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni John Runnels. Iná ibẹ̀ ló kọ́kọ́ mú mi dúró. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Stephen Korns ló bá àwọn onímọ̀ nípa iná ṣe é, tó fi jẹ́ pé bí òṣùpá bá yọ kíkún, iná náà á funfun, bí òṣùpá bá sì ti ń dín kù, á máa di aró díẹ̀díẹ̀ títí òṣùpá á fi wọ̀ọ̀kùn. Èmi tí mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lóru kò nílò kàlẹ́ńdà mọ́ láti mọ ọjọ́ orí òṣùpá.

Bí ẹ bá dé orí afárá Preston, ẹ wá bọ́tìnì pupa kan tó wà lára ògiri bíríkì afárá náà. Kò sí àkọlé kankan tó sọ ohun tó wà fún. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá bojú wo odò nísàlẹ̀. Dean Ruck ló ṣe é, n kò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé inú àwọn ọmọ mi dùn sí i ju gbogbo ère tó wà níbẹ̀ lọ.

Ọmọ Ọ̀ṣun ní Katy

Ẹ ṣeun, Àǹtí Àdùkẹ́. Tèmi dá lórí àwọn ère méje tó kúnlẹ̀ sórí òkúta lápá ibi tí Allen Parkway àti Montrose ti pàdé. Jaume Plensa, ọmọ ilẹ̀ Spéènì, ló ṣe wọ́n, wọ́n sì gbé wọn kalẹ̀ ní 2011. Irin tí wọ́n gé ní àwòrán lẹ́tà onírúurú èdè ayé ni wọ́n fi hun ara wọn, inú wọn ṣófo, iná sì ń tàn láti inú wọn wá bí ilẹ̀ bá ṣú. *Tolerance* ni orúkọ wọn.

Ọmọ Òṣogbo ni mí, ilé wa kò sì jìnnà sí igbó Ọ̀ṣun, nítorí náà n kì í ṣe àlejò sí ère tó wà létí odò. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń gun àwọn ère náà, tí wọ́n ń gbé ọmọ jókòó sórí eékún wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá wọn wí. Nígbà tí Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tí à ń pè ní Àdùnní Olóríṣà, àti àwọn ọ̀mọ̀lé àti agbẹ́gilére tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ àwọn ère ńláńlá sínú igbó náà, torí kí àwọn ènìyàn má baà ta ilẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n má sì gé igi rẹ̀ ni. Ère ló dáàbò bo odò, ó sì ṣiṣẹ́ débi tí UNESCO fi kọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ní Houston, kì í ṣe ère ló dáàbò bo odò, ẹwà ọgbà tí àwọn èèyàn ti ń sáré ìdárayá ni wọ́n gbé e síbẹ̀ fún. N kò sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe mí bíi kí n bọ́ bàtà nígbà tí mo bá súnmọ́ àwọn méje yẹn, ìyàwó mi sì máa ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Bàbá Tòlú

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti sọ ti ẹwà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹrẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú ọgbà ni mo bá ṣiṣẹ́ ní 2017, nígbà tí ìjì Harvey dé.

Kí ẹ tó lè lóye ohun tí mo rí, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ojú ọ̀nà àgbàrá ni ọgbà etí odò yìí. Buffalo Bayou ló ń gbé omi òjò apá ìwọ̀ oòrùn ìlú wá sí àárín ìlú, wọn kò sì fi kọ̀ǹkéré dí bèbè rẹ̀ bí wọ́n ti ṣe sí Brays Bayou tó gba ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú yín kọjá ní Alief. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ọmọ ogun onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fẹ́ gé odò náà tọ́ kí wọ́n sì da kọ̀ǹkéré sí i, ṣùgbọ́n obìnrin kan tó ń jẹ́ Terry Hershey kó àwọn aládùúgbò rẹ̀ jọ, ó sì rí aṣòfin wọn, George H. W. Bush, ẹni tó di ààrẹ lẹ́yìn náà, kó dúró tì wọ́n. Bí wọn kò bá borí nígbà náà, kò sí ohun tí à bá máa jíròrò lónìí.

Nígbà tí wọ́n wá ń ṣe ọgbà ńlá tó lọ láti Shepherd títí dé Sabine, éékà 160 ní gígùn máìlì méjì lé díẹ̀, tí wọ́n parí ní 2015 pẹ̀lú mílíọ̀nù dọ́là 58, bí ẹni pé odò yóò bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe yà á. Wọ́n gbé ilé àti ẹ̀rọ pàtàkì sókè, wọ́n fi kọ̀ǹkéré tó nípọn ṣe ọ̀nà ìsàlẹ̀, wọ́n lo iná tó lè rì sómi, wọ́n sì gbin koríko ilẹ̀ náà gan-an, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ jìn tó lè di erùpẹ̀ mú. Ní May ọdún yẹn, kí wọ́n tó tilẹ̀ ṣí i tán, omi bò ó. Ní April 2016 ó tún bò ó. Nígbà tí Harvey wá dé ní ìparí August 2017, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan mọ́, nítorí pé wọ́n ní láti tú omi sílẹ̀ láti inú àwọn ìdídò Addicks àti Barker lókè odò, odò náà sì kún fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí òjò ti dá.

Nígbà tó fà, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ló kù. Níbòmíràn ó ga ju mí lọ. A ń wá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ bí ẹni ń wú isu: a mọ̀ pé ó wà lábẹ́ ilẹ̀, a kò mọ bó ṣe jìn tó. Katakata ń kó, àwa ń fi ṣọ́bìrì fá, ẹ̀rọ omi ń fọ̀, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ. Bèbè já ní ọ̀pọ̀ ibi. Lábẹ́ afárá Waugh, níbi tí àdán tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ń gbé nínú ihò kọ̀ǹkéré, omi dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ sì bá a lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aráàlú fi àwọ̀n yọ díẹ̀ láàyè. Àwọn tó kù ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń fọ ibẹ̀, ọ̀nà náà ń jáde ní odidi. Ibi tó fọ́ wà, àmọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ kò nílò ju fífọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé ẹni tó yàwòrán rẹ̀ mọ odò.

Ìyá Ìbejì, Missouri City

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Tèmi kúrú. Ẹ má ṣe gbàgbé ihò omi abẹ́ ilẹ̀ tó wà nítòsí Sabine, tí wọ́n ń pè ní Cistern. 1926 ni wọ́n kọ́ ọ fún omi mímu ìlú, nígbà tó wá ń jò tí wọn kò rí ojú ibi tó ń jò, wọ́n pa á tì ní 2007. Àwọn tó ń ṣe ọgbà ló rí i pé kò yẹ kí wọ́n wó o, wọ́n sì ṣí i fún aráàlú ní 2016. Opó 221 ló wà nínú rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ga tó ẹsẹ̀ bàtà 25, omi díẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ sì ń mú kí opó náà dà bí ẹni pé wọ́n gùn ní ìlọ́po méjì.

Ẹni tó ń mú wa kiri ní kí ẹnìkan pariwo, nítorí gbohùngbohùn ibẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 17 kó tó kú. Àwọn òyìnbó ń sọ pé "hẹ́lò". Èmi fi oríkì bàbá mi bọnu. Kí n tó dé ìlà kejì, ìlà àkọ́kọ́ ti padà dé bá mi, ó di pé èmi àti ara mi jọ ń kì í. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé Magdalena Fernández, ọmọ Venezuela, ló kọ́kọ́ ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ ní ìparí ọdún 2016, ìró òjò tí àwọn akọrin fi àtẹ́wọ́ àti ìka lílù ṣe ló sì lò. N kò rí ti Fernández, àmọ́ mo rí ti Carlos Cruz-Diez, tó fi àwọ̀ kun gbogbo opó náà pẹ̀lú iná. Tèmi ni pé ibẹ̀ dára jù nígbà tí wọn kò bá fi nǹkan kan sí i.

Àgbà Bẹ́ẹ̀rẹ̀

Èmi ò gbé Houston, Dallas ni mo wà, ṣùgbọ́n mo ti wá wò ó, ọmọ Ìbàdàn sì ni mí. Ẹni tó bá mọ ohun tí àgbàrá odò Ògúnpa ṣe ní Ìbàdàn ní August 1980 kò lè wo odò àárín ìlú láìronú nípa rẹ̀. Ìjọba fi kọ̀ǹkéré ṣe ojú ọ̀nà rẹ̀ lẹ́yìn náà, ilé sì kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń da ilẹ̀ sínú rẹ̀. Àwọn kan ti ń bi mí pé kí ló dé tí a kò lè ṣe irú èyí fún Ògúnpa, kí a kun ògiri rẹ̀ kí a sì gbé ère sí i. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹnìkan tó mọ̀ nípa owó ibẹ̀, ó sì sọ fún mi pé nígbà tí àjọ àánú Kinder Foundation fẹ́ fi mílíọ̀nù dọ́là 30 sílẹ̀ fún ọgbà yìí ní 2010, wọ́n ní àwọn kò ní fi sílẹ̀ àfi tí owó ìtọ́jú ọdọọdún bá ti wà nílẹ̀ láti inú owó orí àárín ìlú. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó fẹ́ fúnni lówó ló ń béèrè ta ni yóò máa gbálẹ̀. Bàbá Tòlú, ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ yín kó ẹrẹ̀ náà, ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀ láìsí owó yẹn?

Bàbá Tòlú

Rárá o. Bí ẹrẹ̀ náà bá fi ọdún kan jókòó, koríko á hù lórí rẹ̀, igi á tẹ̀lé e, ojú ọ̀nà náà á sì padà di igbó tí Àdùkẹ́ kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Nígbà tí ìjì Beryl tún kún un ní July 2024, a kò tíì gbá ilé tiwa tán tí àwọn katakata ti wà níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Alief

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn àdán a máa jáde ní ìrọ̀lẹ́ bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ dúró lórí afárá Waugh, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì Cistern sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó jáde nílé. Bí òjò ńlá bá sì rọ̀ lánàá, ẹ gba ọ̀nà òkè.