Apariwo kọ́ lorúkọ sàlẹ́ńsà, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Mi ò fẹ́ dá sí àríyànjiyàn lórí orúkọ Yorùbá fún ẹ̀yà ara ọkọ̀ yìí rárá, ṣùgbọ́n nígbà tí bọ̀ọ̀dá wa tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta pé “apariwo” ni kí gbogbo wa máa pe sàlẹ́ńsà ọkọ̀, àpótí irin abẹ́ ọkọ̀ tó ń dín ariwo ẹ́ńjìnnì kù, láti òní lọ, pé àwọn ti ṣe é tán, kò sí ohun tó kù níbẹ̀, ara mi ò gbà á mọ́.

Àlàyé wọn ni pé “a” ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, “pa” ni ọ̀rọ̀-ìṣe, “ariwo” ni ọ̀rọ̀-orúkọ, ohun tó ń pa ariwo nìyẹn, bí panápaná ṣe ń pa iná. Ó dùn létí o. Ṣùgbọ́n bọ̀ọ̀dá mi, nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé tí ìyá yín bá ní “ẹ má pariwo mọ́”, ṣé ẹ máa ń kígbe sókè sí i ni?

“Pa” yìí ò ṣeé fọkàn tán. A pa iná, iná kú. A pa òǹgbẹ, òǹgbẹ lọ. A wá pa òwe, òwe ò kú, a pa àlọ́, ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, a parọ́, irọ́ ń rìn kiri ìlú títí di òní. Ọ̀dọ̀ òwe àti irọ́ ni ariwo wà, kò sí lọ́dọ̀ iná rárá, ọmọ ọdún mẹ́ta tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ fẹ́ bá wọn tún un ṣe, ó ní ká mú ariwo kúrò ká fi “ìró” síbẹ̀, apa-ìró, tí a bá sún un kì, “apàró”. Ẹ kà á sókè wò. Ó ku díẹ̀ kó di àparò kó fò lọ, tí ahọ́n bá sì yọ̀ ó di aparọ́, a wá ń gbé onírọ́ kiri nídìí ọkọ̀.

Àwọn kan ti ń béèrè pé kí ni mo mọ̀ nípa ọkọ̀ tí mo fi ń dá sí i. Mo kọ́ṣẹ́ wẹ́dà lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbàlagbà kan kí n tó lọ kàwé, mo sì ní pikọ́ọ̀pù àtijọ́ kan, oníkábúrétọ̀, onísílíńdà mẹ́rin, èmi fúnra mi ni mò ń tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tú sàlẹ́ńsà àtijọ́ rẹ̀, ó ń dún lọ́wọ́ mi bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, mo wá fi ayùn irin là á sí méjì. Yàrá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, páìpù tí wọ́n lu ní ihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́ gba àárín wọn kọjá, ìpẹ́pẹ́ ìpáàrà kún ilẹ̀ yàrá tó kẹ́yìn, àwọn ló ń dún yẹn. Kì í ṣe òjò ló bà á jẹ́ o, láti inú ló ti dípẹtà. Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jóná máa ń bí omi tó tó bíi lítà kan, ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà kì í sì gbóná tó láti lé omi náà jáde.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá wọ̀nyẹn rèé: ìró wọlé, ó kọ lu ògiri, ó padà, ó pàdé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn méjèèjì wá ń gba agbára lọ́wọ́ ara wọn. Kò sẹ́ni tó pa ẹnì kankan. Wọ́n kàn rẹ ohùn ara wọn sílẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní tó bá di dandan ká sọ ọ́ lórúkọ, “arohùnsílẹ̀” ló yẹ ẹ́. Àǹtí wa kan ní “arẹhùnsílẹ̀” ni, pé “ẹ” kò gbọdọ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́ mà, gbà pẹ̀lú ohùn, kí ló bí? Ṣebí agbohùnsílẹ̀ ni gbogbo wa ń sọ, kí ló dé tí fáwẹ́lì ibẹ̀ lọ tí ẹnì kankan ò sunkún?

Ẹ má sì fi “silencer”, ohun tó ń mú nǹkan dákẹ́, dẹ́rù bà mí, òyìnbó alára ń ṣe àsọdùn níbẹ̀. Hiram Percy Maxim, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé-àṣẹ ohun tó ń dín ìró ìbọn kù ní 1909, òun náà ló tún ṣe irú rẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì, ìbọn náà ṣì ń dún. Ìlú rẹ̀ gan-an, muffler ni wọ́n ń pe ti ọkọ̀, ohun tí a fi ń wé nǹkan kí ohùn rẹ̀ má baà jáde tán. Ọ̀gá mi ò dà á láàmú. Sàlẹ́ńsà ló ń pè é. Tí páìpù bá jò, á ní “ó ń wúkọ́”, tó bá bú gbàmù lẹ́yìn, “ó ń yìnbọn”, etí rẹ̀ ló sì fi ń mọ ibi tó ti jò kó tó wọ abẹ́ ọkọ̀. Irú etí bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ mọ́.

Ti “ọ̀pá ìmí” tí bọ̀ọ̀dá wa pe páìpù tó ń gbé èéfín jáde ńkọ́? Mo mọ̀ pé èémí ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n wọn ò fi àmì ohùn kankan sí i, “opa imi”, ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tó di. “Ọ̀pá èéfín” tó mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le kì í rú èéfín tí ojú rí. Tó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù, tó bá rí bí aró, ó ń jẹ ọ́ìlì. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀, gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, kò láwọ̀ kò lóòórùn, tí gásíkẹ́ẹ̀tì iwájú, ìyẹn ohun tó ń dí ojú ibi tí páìpù ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, bá jò tó wọ inú ọkọ̀ tí wíńdò wà ní títì, ibẹ̀ ni “pa” ti jẹ́ pípa gan-an.

Ká má purọ́ ṣá, mo ti rí ohun tí a lè pè ní apariwo. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yá pikọ́ọ̀pù yẹn, ó gé sàlẹ́ńsà tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jó mọ́ ọn dànù, ó fi páìpù oní-íńṣì mẹ́ta gbọọrọ sí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ní ọkọ̀ á lágbára. Èéfín kì í ṣàn bí omi ẹ̀rọ, ńṣe ló ń jáde ní ìdì-ìdì, ìdì tó lọ ṣáájú ló ń fa èyí tó tẹ̀lé e lọ́wọ́. Páìpù tó bá fẹ̀ jù fún ẹ́ńjìnnì kékeré, ìdì náà á máa fẹsẹ̀ fà, ọkọ̀ ò ní lè fa ẹrù láti ìdúró mọ́. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, òkè kékeré ló ń mú un mí hẹlẹhẹlẹ, ariwo rẹ̀ sì ń mì wá lẹ́yìn ọrùn. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ gbé orúkọ yín fún ìyẹn, mo fọwọ́ sí i.

Àwọn tó ṣì ń jà pé ṣé ẹnu ọkọ̀ ni ibi tí èéfín ti ń jáde àbí ìdí ọkọ̀, tèmi gba ẹ̀gbẹ́ táyà jáde, ẹ bá mi wá orúkọ fún un. Ẹni tó sì ní “èéfí” ni wọ́n ń pe èéfín nílé àwọn, pé “n” tó wà níbẹ̀ àwa la fi kún un, ẹ dúró dè mí, mò ń bọ̀ lórí tiyín.