Kànga ẹsẹ̀ bàtà 45: báwo la ṣe máa fa omi rẹ̀ láìpa ẹni tó wà nísàlẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Kànga kan wà tá a fẹ́ gbẹ́ jìn sí i kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Omi inú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Pọ́ǹpù elépo tó wà lókè kì í lè fa omi tó bá jìn ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ, ìdí nìyẹn táwọn òṣìṣẹ́ fi ń so ó lókùn sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga. Ibẹ̀ gan-an ni ikú wà. Carbon monoxide, ìyẹn gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀, kò láwọ̀, kò sì rùn. Wọ́n lè ti pa ẹ̀rọ náà kí gáàsì ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá sáré wọlé lọ yọ ẹni tó dákú á ṣubú tì í. (Àbẹ́là tí wọ́n fi ń dán afẹ́fẹ́ inú kànga wò kò mọ gáàsì yìí, ṣe ni yóò máa jó lọ.)

Sumo oníná, ìyẹn pọ́ǹpù tí wọ́n ń rì sínú omi, la fẹ́ lò, kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà síbẹ̀, ká sì pa iná kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Sumo wo ló ń fara da ẹrẹ̀ àti yanrìn? Ṣé blower (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn) tí rọ́bà rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ tó, àbí dandan ni ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì? Bẹ́líìtì wo lẹ fi ń fa èèyàn jáde látòkè?